Ojú Kan, Iṣẹ́ Mẹ́rin

Ojú kan ni mo ń gbẹ́, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ,
iṣẹ́ mẹ́rin ni mo fẹ́ kó máa ṣe:
kó ríran jìnnà nígbà tí títì bá dá páropáro,
kó rẹ ojú sílẹ̀ bí ẹlòmíràn bá ń bọ̀,
kó kí ayé lọ́sàn-án gangan pé òun wà níbẹ̀,
kó sì máa ṣẹ́jú bí a bá fẹ́ yà.
Ihò tó wà nímú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta Bíò
ò ju ìka mẹ́fà ní ìbú, ìka mẹ́rin ní òró.

Bíò, àbúrò mi, ti so fáà mẹ́ta mọ́ ọn tẹ́lẹ̀.
Ọ̀kan jẹ́ ti ọkọ̀ tó ti kú, ọ̀kan ti sẹ́míjàn,
ẹ̀kẹta, ká má purọ́, tọ́ọ̀ṣì ọdẹ ni.
Lálẹ́ ọjọ́ ọjà kan, kámíọ̀ olówùú pàdé rẹ̀
níbi tí títì ti tẹ̀ lábẹ́ òkè Ṣábẹ̀.
Gbogbo iná Bíò ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà,
awakọ̀ ò mọ èyí tí òun ì bá gbọ́.
Igba iṣu fọ́n sí kòtò.
Bíò dìde, ó ń ka iṣu nínú òkùnkùn,
ó ń ṣọ̀fọ̀ èyí tó ṣẹ́.
"Ṣé o ò níná ni?"
"Mo ní mẹ́ta!"

Láti ìgbà náà, tábìlì mi ò gba àwo oúnjẹ mọ́.

Wọ́n ní bí a bá fẹ́ràn ara wa,
ẹní kan á gba èèyàn mẹ́fà.
Iná ò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Iná kì í sùn ti iná kí ooru má dé.
Lọ́sẹ̀ kìíní, pulasitíìkì yọ́ bí òrí inú oòrùn.
Mo gé ìdí ìkòkò alumíníọ̀mù kan,
mo là á tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìyẹ́ àkùkọ,
mo fi tì wọ́n lẹ́yìn, kí ooru lè rí ibi gbà jáde.
Ọjọ́ mẹ́ta ni ìyá mi fi wá ìkòkò náà.

Lọ́sẹ̀ kejì, ìjà.
Iná funfun bo iná aláwọ̀ ọsàn mọ́lẹ̀
bí aláriwo ṣe ń bo akólòlò.
Ó ń ṣẹ́jú, ṣẹ́jú, ẹnikẹ́ni ò rí i.
Mo bá ṣòfin nínú ilé kótópó yẹn:
bí ẹni tó fẹ́ yà bá ń sọ̀rọ̀,
kí ẹni tó ń kí ayé rẹ ohùn sílẹ̀.
Kò kú o. Ó kàn fàyè sílẹ̀ ni.

Mo ki tánńganran bí èékánná sáàárín,
òun ló ń bẹ́ orí ìmọ́lẹ̀
kó má baà gún ẹni ẹlẹ́ni lójú.
Mo fi ẹfun fa ìlà sára ògiri iléèwé:
ìmọ́lẹ̀ ò gbọdọ̀ kọjá rẹ̀, àfi lápá ọ̀tún,
níbi tó ti lè gòkè díẹ̀
wo ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn létí títì.

Lálẹ́ àná, ìyá mi gbé àpótí rẹ̀ sójú ọ̀nà,
òun ni mo fi ṣe awakọ̀ tó ń bọ̀.
"Wòrú, ó ń ta mí lójú."
Mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní ìdajì ìka.
"Ó ṣì ń ta mí."
Mo tún sọ̀ ọ́.
Ó dákẹ́, ó pẹ́ díẹ̀.
"Mo ti wá ń rí ìwọ náà," ó ní. "O ti rù."

Òjò dé kílẹ̀ tó mọ́. Dígí làágùn nínú,
ìkùukùu kékeré kan jókòó sí igun òsì,
ní yàrá ẹni tó ń ṣẹ́jú.
Bíò ò dúró. Ó ti di iṣu tán.
"Apá ọ̀tún nìkan ni kí o máa yà," ni mo wí.
Ó rẹ́rìn-ín, ó ṣáná sí i, ó lọ.
Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń wo ìmọ́lẹ̀ náà
títí ó fi rẹ ojú sílẹ̀ lọ́hùn-ún
fún ẹnì kan tí n kò rí.